Abọ́ Funfun Tó Borí Gbogbo Tíì

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ kó kọ́kọ́ jẹun tán kó tó gbọ́ ọ. Mo wà níbẹ̀, ojú mi ló ṣe. N ò sì ní bu iyọ̀ sí i, torí pé ìwà àwọn èèyàn náà ti ní iyọ̀ tirẹ̀ nínú.

Ààfin là ń pè é o. Yàrá gbọọrọ kan ni, tí páànù orí rẹ̀ ń jò sórí àga kan náà lọ́dọọdún, tí kò sì sẹ́ni tó rò ó rí pé kí a sún àga náà. Baálẹ̀ jókòó sórí tìmùtìmù. Àwọn ìgbìmọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Baba Bẹ́ẹ̀-ni sì ni olórí wọn. Ohun tó sọ baba yìí di olórí kò ju pé kò tíì sọ "bẹ́ẹ̀ kọ́" fún Baálẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dé ibẹ̀.

Ẹni tó mú ẹjọ́ wá ni Ìyá Oníkẹ́tùlù, tó ń ta tíì fún àwọn bíríkìlà àti àwọn awakọ̀ níbi tí wọ́n ti ń pò sìmẹ́ǹtì. Kẹ́tùlù dúdú tó fi ń sè é ló gbé lọ́wọ́ wọlé. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Ahọ́n Wúrà. Ẹ má bèèrè ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ni. Ó lọ sí òkèèrè, ó ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di tíì sínú páálí, ó padà dé pẹ̀lú ṣíbí fàdákà lọ́rùn, ó ní wọ́n ti fi òun jẹ ọ̀gá olùtọ́wò. Láti ìgbà náà, ọkùnrin yìí kò mu omi lásán mọ́. Ó ń tọ́ ọ wò ni.

"Ìyá, kí ló dé?" ni Baálẹ̀ bèèrè.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ọkùnrin yìí ti pa kẹ́tùlù mi."

"Ó fọ́ ọ ni?"

"Kò fọ́ ọ. Ó tutù ni. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé e kaná, kẹ́tùlù yìí ò tutù láàárọ̀ rí. Òun ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, òun náà ni mo fi ń tọ́ àwọn ọmọ ọmọ mi báyìí. Ọkùnrin yìí wá kó gbogbo àwa onítíì jọ síwájú ilé rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi olúkálukú sí ipò tó yẹ ẹ́. Mo gbé tèmi lọ. Tíì dúdú pẹ̀lú atalẹ̀, bí mo ṣe ń sè é láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge. Ó kọ ipò wa sórí pátákó, ó gbé pátákó kọ́ sí oríta. Èmi ló fi ṣe ìkẹyìn. Ẹ wá wo ohun tó kọ sábẹ́ orúkọ mi."

"Kí ló kọ?"

"Omi ìfọ-ìkòkò."

Baba Bẹ́ẹ̀-ni rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ wò ó, baba sì gbé ẹ̀rín náà mì.

"Àwọn oníbàárà yín ńkọ́?"

"Wọ́n ń gba iwájú mi kọjá, wọ́n ń yíjú. Àwọn bíríkìlà tó jẹ́ pé omi tí wọ́n fi ń pò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń bù mu kí n tó dé àdúgbò yẹn! Ọ̀kan nínú wọn dúró níwájú mi, ó ní, 'Màmá, ẹ má bínú, tíì yín ò ní ìjìnlẹ̀.' Baálẹ̀, ẹni tó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ru búlọ́ọ̀kù láàárọ̀ kùtù, kí ló fẹ́ fi ìjìnlẹ̀ ṣe?"

"Kí lẹ fẹ́ ká ṣe fún yín?"

"Kó gbé pátákó yẹn wálẹ̀, kí kẹ́tùlù mi tún lè hó. N ò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Baálẹ̀ yíjú sí Ahọ́n Wúrà. Ọkùnrin náà dìde, ó tún ṣíbí ọrùn rẹ̀ ṣe, ó fi imú fa afẹ́fẹ́ ààfin, ó ní òórùn àdán wà nínú rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò burú jù.

"Ìwọ lo kọ ohun tí wọ́n ní o kọ yẹn?"

"Baálẹ̀, èmi kọ́. Ahọ́n mi ni."

"Kí lo wí?"

"Ahọ́n mi ló dá a lẹ́jọ́, èmi kàn ń gbé e rìn ni. Ahọ́n bíi tèmi yìí, kì í gbọ́ràn sí ẹni tó ni ẹnu mọ́. Bí mo bá tiẹ̀ fẹ́ ṣàánú ìyá yìí, kò ní gbà fún mi. Bí ẹ bá fẹ́ bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ bá ahọ́n wí."

"Ó yé mi. Ṣé ká wá gé e sílẹ̀ kó dúró jẹ́jọ́, kí ìwọ máa lọ sílé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baálẹ̀," ni Baba Bẹ́ẹ̀-ni dáhùn, ó sì ti ń wojú ilẹ̀ kiri bí ẹni ń wá ọ̀bẹ.

Ahọ́n Wúrà pa ẹnu dé kíákíá. Nígbà tó tún máa là á, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ó lè jẹ́ pé èmi náà dá sí i díẹ̀," ló wí.

"Sọ bí o ṣe tọ́ wọn wò."

"Bí àwọn ọ̀gá ṣe ń ṣe é ni mo ṣe é. Mo fi aṣọ dúdú di ojú mi pinpin, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ṣojúsàájú. A tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Gbogbo ohun èlò ló jẹ́ tánganran funfun. Kò sí oníke, kò sí agolo, torí pé agolo máa ń ba tíì lọ́kàn jẹ́. Mo wá ń fà á sẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ariwo."

"Ariwo báwo?"

"Fúúùrù!" Ó fa afẹ́fẹ́ sẹ́nu bí ẹni tí ata ta. "Ariwo yẹn ló ń jí tíì lójú oorun."

"Tèmi ò sùn," ni Ìyá Oníkẹ́tùlù wí. "Ó ń hó nígbà tí mo gbé e dé."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀. Ìwọ, máa bá a lọ."

"Èyí tó bá dára, mo máa gbé e mì. Èyí tí kò bá dára, mo máa tu ú sínú abọ́ ìtutọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Tíì aláwọ̀ ewé, mo gbé e mì. Omi ìṣápá, mo gbé e mì. Ewé míǹtì pẹ̀lú oyin, mo gbé e mì, mo tún ní kí wọ́n bù sí i. Ti ìyá yìí nìkan ni mi ò lè gbé mì. Mo fà á, mo tu ú. Mo ní bóyá ahọ́n mi ló ṣì í, mo tún fà á, mo tún tu ú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fà á títí ife rẹ̀ fi gbẹ, tí abọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ṣé ẹ wá rí i pé mi ò kórìíra rẹ̀? Èwo nínú àwọn yòókù ni mo fún láàyè tó báyẹn?"

"Tiẹ̀ nìkan lo tu?"

"Tiẹ̀ nìkan! Mo fi orí ìyá mi búra."

Mo rí Baálẹ̀ tó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. N ò mọ̀ pé ó ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ ni.

"Èwo wá lo fi ṣe ìkíní?"

Ojú ọkùnrin náà yí padà. Ó gbé ọwọ́ lé àyà bí ọkọ ìyàwó.

"Baálẹ̀, Tíì Àdììtú ni. Èyí tí mo tọ́ wò kẹ́yìn. Bí mo ṣe fà á báyìí, omi bọ́ lójú mi lábẹ́ aṣọ tí mo fi dì í. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbóná jù, kò tutù jù. Atalẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n atalẹ̀ tó ti ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Ó sì ní adùn kan lẹ́yìn, adùn kan báyìí, bí ohun tí mo ti mọ̀ láti kékeré. Bíi pé mo padà délé."

"Ta ló sè é?"

"Àdììtú ibẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo bèèrè, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìgbà tí mo wá kọ ọ́ sórí pátákó, gbogbo onítíì ló wá sọ́dọ̀ mi níkọ̀kọ̀ pé àwọn ni."

"Ìyá yìí náà wá?"

"Òun nìkan ni ò wá."

"Ohun tí mi ò sè, ṣé kí n ní mo sè é ni?" ni ìyá bèèrè. Ìbéèrè yẹn le fún gbogbo ààfin.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Télọ̀ àdúgbò ló kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú téèpù tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn.

"Télọ̀, o wà níbẹ̀?"

"Iwájú gan-an ni mo wà, Baálẹ̀."

"Ta ló gbé Tíì Àdììtú sórí tábìlì?"

"Ọkùnrin gíga kan ni. Kò sọ̀rọ̀. Ó gbé e kalẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó ga?"

"Gèlè rẹ̀ ló ga."

"Ọkùnrin tó wé gèlè?"

Télọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. "Baálẹ̀, ìránṣọ rẹ̀ ni mò ń wò ní tèmi. N ò wo òun fúnra rẹ̀."

"Ìwọ náà tọ́ tíì náà wò?"

"Wọ́n bu ṣíbí kan fún mi. Ìjìnlẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, mo gbé e rò títí ilẹ̀ fi ṣú."

"Kí là ń pè ní ìjìnlẹ̀?"

"N ò mọ̀ ọ́n, Baálẹ̀. Ẹni tó tọ́ ọ wò ṣáájú mi ló ní ó wà níbẹ̀. Mo wá rò ó pé kí ló máa ṣe tí gbogbo ayé á rí i, témi nìkan ò ní rí i?"

Òtítọ́ kan ṣoṣo tí Télọ̀ sọ lánàá nìyẹn. Ìyẹn náà, kò mọ̀ pé òun sọ ọ́.

Wọ́n pe ìyàwó Ahọ́n Wúrà. Ó rìn wá wọ́ọ́rọ́wọ́, ó kúnlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ́jú sí i. Kò wo apá ibẹ̀.

"Ìwọ lò ń gbé ife fún ọkọ rẹ?"

"Èmi ni, Baálẹ̀. Wọ́n ti di ojú wọn. Wọ́n á na ọwọ́, màá fi ife sí i. Bí wọ́n bá sì na ọrùn síwájú báyìí bí àkùkọ tó fẹ́ kọ, màá gbé abọ́ ìtutọ́ sábẹ́ àgbọ̀n wọn."

"Irú abọ́ wo ni?"

"Tánganran funfun. Èmi ní ká lo bọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ dójú ti àwọn ni, pé gbogbo ohun tó bá wà lórí tábìlì ọ̀gá gbọ́dọ̀ bára mu."

"Ó dáa. Nígbà tó kan èyí tó kẹ́yìn, ta lo rí tó gbé e wá?"

"Kò sẹ́ni tó gbé nǹkan kan wá. Tíì ti tán, Baálẹ̀."

"Ó ti tán báwo?"

"Ó ti tán ni. Mo ti kẹ́yìn sí wọn, mò ń kó ife lọ fọ̀. Wọ́n rò pé ó ṣì ku ẹyọ kan. Wọ́n na ọwọ́ fúnra wọn, ohun tí ọwọ́ wọn bà lórí tábìlì ni wọ́n gbé."

"Kí ló ṣẹ́kù lórí tábìlì?"

Obìnrin náà wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Baálẹ̀, abọ́ ìtutọ́ nìkan ni."

Télọ̀ fi téèpù nu ahọ́n.

"Irọ́ ni!" Ahọ́n Wúrà fò sókè. "Ọkùnrin gíga kan ló..."

"Ọkùnrin gíga wo?" ni ìyàwó rẹ̀ bèèrè. "Ẹ gbé abọ́ tí ẹ tutọ́ sí, ẹ fà á, fúúùrù! Mo ní, 'Bàbá àwọn ọmọ, ẹ dúró ná.' Ẹ ní kí n panu mọ́, pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀gá bá ń tọ́ nǹkan wò, aláìmọ̀kan ni. Mo bá panu mọ́. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń kọ́ mi ní pípa ẹnu mọ́, mo ti mọ̀ ọ́n dáadáa."

Ìyá Oníkẹ́tùlù mi orí, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Adùn tí o ní o ti mọ̀ láti kékeré, ọmọ mi, ẹnu ara rẹ ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rín bú. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. Baba Bẹ́ẹ̀-ni rẹ́rìn-ín ju Baálẹ̀ lọ, ó ń lu itan ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n ò ní purọ́. Ọkùnrin tó pe tíì arúgbó ní omi ìfọ-ìkòkò, tó tún wá sunkún ayọ̀ lórí itọ́ ara rẹ̀, ta ni ò ní fi ṣẹ̀sín?

Baálẹ̀ nu ojú. "Ìyàwó, ìyókù inú abọ́ náà ńkọ́? Ṣé o dà á nù?"

"Rárá o, Baálẹ̀. Wọ́n ní ohun tó dára tó báyẹn, ilé àgbà ló yẹ. Ó kéré díẹ̀, mo bá bu omi gbígbóná lé e. Mo rọ ọ́ sínú fláàsì pupa kan."

"Fláàsì pupa," ni Baálẹ̀ tún un wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà lẹ ránṣẹ́ wá pé ẹ dúpẹ́ gan-an, pé ṣé ó ṣì kù."

N ò rí ibi tí ẹ̀rín ti kú bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Àwọn ìgbìmọ̀ ń wojú ara wọn, olúkálukú ń ka iye ife tí ẹnìkejì rẹ̀ mu.

"Èmi ò mu níbẹ̀," ni Baálẹ̀ wí.

Ohùn ìyàwó Baálẹ̀ dé láti ojú fèrèsé ẹ̀yìn: "Ẹ mu ún o! Ẹ ní irú rẹ̀ ò wọ ilé yìí rí. Ẹ dojú fláàsì dé ẹnu yín, ẹ ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdí rẹ̀ kí ìyókù lè kán sílẹ̀!"

"Baba Bẹ́ẹ̀-ni ló mu ún jù," ni Baálẹ̀ yára sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baálẹ̀," ni baba dáhùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó mọ ohun tí òun gbà sí.

Baálẹ̀ wa kì í ṣe ọlọ́gbọ́n, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú a máa fún èèyàn lọ́gbọ́n tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó dé e, ó na ìka sí Ahọ́n Wúrà.

"Tíì àwọn yòókù, kí lo ṣe sí i?"

"Mo gbé e mì."

"Èwo lo tu sínú abọ́?"

"Ti... ti ìyá yìí."

"Ti ìyá yìí àti ti ta ni?"

"Tiẹ̀ nìkan."

"O fi orí ìyá rẹ búra lójú gbogbo wa. Nígbà náà, tíì ta ló wà nínú abọ́ tó gba ipò kìíní?"

Ahọ́n Wúrà la ẹnu, wúrà ò jáde níbẹ̀. Kẹ́tùlù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá.

"Yéè!" ló ké. "Tèmi ni!"

"Tiyín ni, Ìyá," ni Baálẹ̀ wí. "Tíì kan náà ló fi ṣe ìkẹyìn, òun náà ló tún fi ṣe ìkíní. Itọ́ inú rẹ̀ kò kàn yín, ẹni tó ni ín la mọ̀. Ẹ gbọ́ ìdájọ́ o. Ìwọ Ahọ́n Wúrà, bọ́ ṣíbí yẹn lọ́rùn, kí ìyá máa fi ro ṣúgà. Wàá lọ tú pátákó ní oríta, wàá fi ọwọ́ ara rẹ tún un kọ pé ìyá yìí ló ṣe ìkíní, òun lo máa gbé kọ́ ọrùn dípò ṣíbí. Láràárọ̀, wàá jókòó sórí bẹ́ńṣì ìyá yìí, wàá di ojú rẹ, wàá sì máa mu tíì rẹ̀ nínú agolo."

"Agolo kẹ̀, Baálẹ̀!"

"Agolo tó ti dógùn-ún. Wàá gbé gbogbo rẹ̀ mì. Bó o bá tu ẹ̀kán kan, wàá lá a nílẹ̀. Títí tí ìyá yìí á fi sọ pé ó tó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baálẹ̀."

"Télọ̀, ìwọ lọ wá ọkùnrin gíga tó wé gèlè yẹn. Má wọ ààfin yìí mọ́ láìmú un dání. Ìyàwó, láti òní lọ, ìwọ ni kó o máa sọ̀rọ̀ nílé yín. Òun ló kàn láti panu mọ́." Ó wo ìgbìmọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ní ti fláàsì pupa, ó bọ́ fọ́ lójú ọ̀nà. Kò dé ọ̀dọ̀ wa. Àbí ó dé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baálẹ̀."

"Mo ní, àbí kò dé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baálẹ̀."

Wọ́n ní kí ìyà náà bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbé ààrò wá, ìyá gbé kẹ́tùlù kaná. Nígbà tó hó, òórùn atalẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà jáde, kò sì pẹ́ tí àwọn bíríkìlà fi kún ojú fèrèsé pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Èyí tó ń wá ìjìnlẹ̀ ló wà níwájú wọn. "Màmá, ṣé ó ti jinná?" ló ń bèèrè. Mo rí ìyá tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú kó tó bù fún un.

Wọ́n di ojú Ahọ́n Wúrà, wọ́n fi agolo sí i lọ́wọ́. Ó fà á, fúúùrù. Ó gbé e mì. Gbogbo wa ń retí rẹ̀. Ó pọ́n ètè rẹ̀ lá, ó sì lejú bí ẹni tí nǹkan sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó dùn," ló wí nígbẹ̀yìn. "N ò lè purọ́, ó dùn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan dín nínú rẹ̀."

Ìyá ti bu ife kan fún Baba Bẹ́ẹ̀-ni. Baba rọra mu ún, ó wo àjà, ó tún mu ún. Baálẹ̀ ò bi í ní nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí.